Aunty Rìsì àti Erin Tó Ń Kúnlẹ̀

Ẹ fi nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ erin ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, erin! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni èmi, Mama Tèmi, ń ṣe. Mo ti bá gómìnà jókòó, mo ti bá olè sọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo ti dúró nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà kóòtù nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n máa wò, kí n má dá sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yìí, mo sunkún. Ní gbangba! Lójú òyìnbó!

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Aunty Rìsì.

Tí ẹ bá ń gbé ní Redan, lẹ́bàá Atlanta níbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pàdé wọn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kírun Jímọ̀ lápá ibẹ̀. Màmá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n, wọ́n máa ń lo hijab aláwọ̀ ewé, wọ́n sì máa ń tiro díẹ̀ nítorí orúnkún. Rìsíkátù ni orúkọ wọn. Àwọn ènìyàn wa máa ń pè wọ́n ní Ìyá Elérin lẹ́yìn wọn. Wọ́n mọ̀, wọn kì í sì í bínú. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé adìyẹ ni mo tọ́jú ni?"

Kí ló pa ọmọ Abẹ́òkúta àti erin pọ̀ ní America? Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn, nígbà tí mo lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Gúgúrú ni o! Gúgúrú ni mo ń tà."

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni wọ́n nígbà náà, ọkọ wọn ti gba ọ̀nà Texas lọ, kò sì padà mọ́. Wàsíù, ọmọ wọn, wà lẹ́yìn. Wọ́n rí iṣẹ́ gúgúrú títà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní downtown, níbi tí àwọn circus máa ń wá dárà. Ẹ mọ circus: àwọn tó ń rìn lórí okùn, àwọn tó ń ju ara wọn sókè, pẹ̀lú ẹṣin, pẹ̀lú erin. Tí Aunty bá ti wà ní break, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á lọ wo àwọn erin níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń wẹ erin call out, kò wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wá ń pariwo pé ta ló lè bá òun da omi sí erin lára. Aunty ní àwọn lè ṣe é.

Mo ní, "Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀rù kí ni? Ṣé erin le ju landlord lọ ni?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wíwẹ̀ di fífún lóúnjẹ, fífún lóúnjẹ di gígùn. Kò pẹ́ tí Aunty Rìsì fi ń gun erin jáde sábẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, tí wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ayé. Ṣé ẹ rò pé àwọn ènìyàn wa dákẹ́? Wọ́n ní kí ni obìnrin Mùsùlùmí ń wá lẹ́yìn erin. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe aṣọ péńpé ló ń wọ̀.

Aunty ní, "Ṣòkòtò ni mo ń wọ̀ o! Ṣòkòtò dídán, ó dé kókósẹ̀! Erin tí mo gùn gan-an ò rí itan mi!"

Erin méjì ni wọ́n tọ́jú. Pearl ni àbúrò, olójúkòkòrò tó máa ń ki imú gígùn rẹ̀ bọ àpò ènìyàn wá búrẹ́dì. Duchess ni ẹ̀gbọ́n, erin ńlá, oníwà pẹ̀lẹ́, etí rẹ̀ kan ya díẹ̀ létí. Duchess ju Aunty Rìsì gan-an lọ lọ́jọ́ orí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Aunty pe ìyá wọn ní Abẹ́òkúta lórí fóònù, wọ́n ń ròyìn iṣẹ́ tuntun. Màmá ò tiẹ̀ béèrè bóyá erin lè pa ènìyàn. Ohun tí Màmá béèrè ni pé ọmọ ọdún mélòó ni erin náà. Aunty ní ó ju òun lọ dáadáa.

Màmá pariwo: "Ó jù ọ́ lọ! O wá ń jí, o ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó rí igi? Rìsíkátù, bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Ẹ̀rín pa Aunty. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ẹni ń ṣeré, wọ́n lọ síwájú Duchess, wọ́n kúnlẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, orúnkún méjèèjì nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ẹ gbọ́ "ẹ" yẹn? Erin ni wọ́n ń sọ ọ́ fún o!

Duchess na imú gígùn rẹ̀, ó gbé e lé Aunty lórí, ó sì fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú gèlè wọn. Aunty ní ṣe ló dà bí ìgbà tí ìyá àwọn bá fọwọ́ kan àwọn lórí tí wọ́n ń wúre. Láti ọjọ́ náà, eré di òótọ́. Wọn ò jẹ́ ṣe iṣẹ́ kankan láàárọ̀ láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá dúró lẹ́yìn wọn, kọfí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò. Ó ní èyí dára jù! Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ fi í sínú eré. Kí Rìsì kúnlẹ̀ fún erin, kí erin náà kúnlẹ̀ fún Rìsì, kí wọ́n kọjú síra wọn lábẹ́ iná. Ó ní àwọn ọmọdé á ya wèrè.

Aunty ní àwọn sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ọmọdé ló ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, èèwọ̀ ni. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rìsì, it's an elephant."

Wàsíù kékeré ní láti jẹun. Aunty gbà.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ erin láti kúnlẹ̀ nígbà náà? Èmi ò mọ̀ kí Aunty tó sọ fún mi. Ọ̀pá kan wà, irin wà lórí rẹ̀, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, ó sì mú ṣóṣóró. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kàn án, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́.

Mo rántí pé mo bi wọ́n lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn pé ta ló di ọ̀pá mú. Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè irú ẹ̀.

Aunty na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú mi. Wọ́n ní, "Ọwọ́ yìí ni. Mi ò ní purọ́ fún ọ, Mama Tèmi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, mo wá mú ọ̀pá lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà wò mí. Wọn ò ké, wọn ò jà. Wọ́n kàn wò mí."

Ìgbà tó yá, wọn ò nílò ọ̀pá mọ́. Bí Aunty bá ti kúnlẹ̀, tí wọ́n ní "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà," kíá ni Duchess á ti tẹ ẹsẹ̀ ba. Ìkíni ti di àṣẹ! Wọ́n gbé e kiri gbogbo America. Àtẹ́wọ́ á sì máa dún bí òjò lórí páànù.

Nígbà tó ṣe, ayé yí padà. Àwọn ènìyàn ní kí wọ́n fi erin sílẹ̀, àwọn circus sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kó Duchess àti Pearl lọ sí oko ńlá kan ní Georgia níbí, níbi tí àwọn erin tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé: igbó wà, adágún omi wà, kò sí òǹwòran. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ nítorí wọn ò fẹ́ èrò. Aunty padà sí Redan, wọ́n lọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó títí àwọn náà fi retire.

Àwọn ará oko yìí ránṣẹ́ sí Aunty léraléra pé kí wọ́n wá wo Duchess. Aunty ò lọ. Lónìí, orúnkún ni. Lọ́la, òjò ni. Nígbà mìíràn, ààwẹ̀ ni. Ọdún ń gorí ọdún.

Wàyí o, Aunty Rìsì ń padà sí Abẹ́òkúta pátápátá. Ilé ti parí, ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń wọ bàálù. Tí wọn ò bá lọ báyìí, ó di àrìnnàkò nìyẹn.

Wàsíù ló pè mí. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, warehouse ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Union City, wọ́n sì ní dandan ni kí ó wá fún overtime lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Mummy lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn o, kí wọ́n má retí nǹkan kan. That elephant don forget. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹkún wọ plane."

Mo kúrò nílé mi ní Lilburn ní kùtùkùtù, mo dé Redan, mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Aunty ti múra tán. Búrẹ́dì ńlá kan wà lábẹ́ apá wọn.

Mo ní, "Aunty, ta ló ni búrẹ́dì?"

"Pearl ni. Ṣé kí n lọ lọ́wọ́ òfo?"

A gba ọ̀nà. A ti kúrò nínú gbogbo mọ́tò Atlanta, igi páìnì ló kù lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n tó la ẹnu.

Wọ́n ní, "Mama Tèmi, tí o bá mú pàṣán dání, tí o ní kí ọmọ wá, tí ọmọ sì wá, ṣé o lè sọ pé ó fẹ́ràn ẹ?"

Mo ń wo ọ̀nà, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Gbogbo ayé mi ni mo ti ń sọ fún ènìyàn pé Ìyá Àgbà fẹ́ràn mi. Mo sọ fún Wàsíù. Mo sọ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Mo sọ fún ìwọ náà, o sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ẹ̀wọ̀n sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Níbi tí wọ́n wà báyìí, kò sí ọ̀pá, kò sí ẹ̀wọ̀n. Tí wọ́n bá wò mí, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ ńkọ́?"

Ó wá yé mi. Mo ní, "Ṣé nítorí ẹ̀ ni ẹ ò fi lọ látọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní, "Kí lo rò pé ó dá mi dúró? Orúnkún?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wa ọkọ̀ mi lọ títí dé oko náà.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Carol ló pàdé wa lẹ́nu géètì. Òun ló ń tọ́jú Duchess àti Pearl báyìí. Oòrùn ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, bàtà òjò ló wọ̀. Ó dì mọ́ Aunty, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n òfin ló fi bẹ̀rẹ̀. A ò gbọdọ̀ fún erin lóúnjẹ. A ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. A ò gbọdọ̀ pàṣẹ fún un, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ̀yìn ọgbà irin la máa dúró sí. Tó bá wá, ó wá. Tí kò bá wá, ká máa lọ sílé wa.

Aunty wo búrẹ́dì, wọ́n gbé e fún mi.

Carol ò fi nǹkan pa mọ́. Ó ní òun ní láti sọ òótọ́: ọkùnrin kan tó bá Duchess ṣiṣẹ́ ní circus tẹ́lẹ̀ wá síbẹ̀ rí. Duchess wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ inú igi lọ, kò sì jáde títí ọkùnrin náà fi lọ.

Ọwọ́ Aunty mú mi lápá. Ó dùn mí.

A dúró lẹ́yìn ọgbà. Pápá náà lọ salalu. Ní ọ̀ọ́kán, lẹ́bàá omi, mo rí àwọn méjèèjì bí òkìtì eérú ńlá méjì. Erin tí a mọ̀ nínú ìwé o, tí a fi ń pa òwe! Pearl ń fa koríko tu. Duchess kẹ̀yìn sí wa.

A dúró, a dúró. Oòrùn ń gun orí. Kòkòrò ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Duchess ò yíjú.

Mo rọra sọ fún Aunty pé kí wọ́n sáà kí i, kó gbọ́ ohùn wọn. Ìkíni kì í ṣe àṣẹ.

Aunty mi orí. "Mama Tèmi, àṣẹ ni. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n wá bá tàbí iṣẹ́." Wọ́n káwọ́ lérí. "Wo ayé mi! Kí n dúró níwájú àgbà, kí n má lè kí i!"

Ẹ wo obìnrin Yorùbá kan, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, tó dákẹ́ níwájú àgbà, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ti rí ẹni tí ebi ń pa. Mi ò tíì rí ẹni tí ìkíni ń pa bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Jẹ́ ká máa lọ, ọmọ mi. Mo ti rí ìdáhùn mi."

A yíjú. A ti gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ láti ẹ̀yìn wa, ó gbé hijab Aunty sókè, ó sì kọjá lọ sí pápá. Carol ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Wait."

Duchess ti gbé imú rẹ̀ sókè. Ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ó yípo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Kò sáré o. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, etí rẹ̀ ń fẹ́. Nígbà tó súnmọ́, mo rí nǹkan kan tó mú mi lára. Ó ń tiro! Ẹsẹ̀ iwájú ni, orúnkún. Bí Aunty Rìsì ṣe ń tiro gan-an ni! Gbogbo kíkúnlẹ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn, orúnkún àwọn méjèèjì ló gbà á.

Ó dé ọgbà, ó dúró. Ó na imú rẹ̀ láàárín irin, ó fi kan hijab. Ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kan ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ọwọ́ ọ̀pá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ohùn kan ń dún nínú àyà rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Aunty dúró bí ère. Omi ń dà lójú wọn wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n pa òfin Carol mọ́.

Lẹ́yìn náà, Duchess sún sẹ́yìn. Ó gbé ara lé ẹsẹ̀ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ kejì ba.

Carol ní, "Oh no. Oh, honey, no."

Erin fẹ́ kúnlẹ̀! Kò sẹ́ni tó kí i, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un, ó ti rí Rìsì, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀!

Aunty lọgun. Mi ò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn. "Rárá! Ìyá Àgbà, rárá! Ẹ má kúnlẹ̀! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

Erin náà dúró báyìí, ẹsẹ̀ ní ìlàjì ọ̀nà, ó ń wò. Yorùbá yìí ò sí nínú eré. Kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe.

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Aunty ti di irin ọgbà mú. Orúnkún tí wọ́n fi ń wá àwáwí láti ọ̀pọ̀ ọdún yìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan kanlẹ̀. Èkejì kanlẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Wọ́n ní, "Èmi ni kí n kúnlẹ̀. Èmi ọmọ. Ẹ̀yin, ẹ dúró. Ẹ káàsán, Ìyá Àgbà. Ẹ káàsán, mà. Ó tọ́jọ́ mẹ́ta."

Ẹsẹ̀ Duchess na padà díẹ̀díẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó ga ju gbogbo wa lọ. Ó na imú rẹ̀ gba àárín irin, ó gbé e lé Aunty Rìsì lórí, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sínú hijab aláwọ̀ ewé yẹn. Fùùù.

Ibẹ̀ lèmi náà ti bú sẹ́kún. Mi ò rántí iṣẹ́ ìròyìn mọ́.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó yá, Duchess gbé imú rẹ̀ kúrò, ó yípo, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, ó ń padà sọ́dọ̀ Pearl. Kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Mo rò pé ọkàn Aunty á bàjẹ́. Ẹ wá wo Aunty Rìsì nílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Ẹkún àti ẹ̀rín pọ̀ lójú wọn. "Wọ́n ti lọ! Mama Tèmi, ṣé o rí i? Mi ò ní kí wọ́n lọ o! Wọ́n kẹ̀yìn sí mi!"

Mo ní, "Aunty, ṣé ó dára bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó dára kẹ̀! Gbogbo ọdún tí mo fi bá wọn ṣiṣẹ́, wọn ò kúrò níwájú mi rí àfi tí mo bá ní kí wọ́n lọ. Lónìí, mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn, ó tó wọn, wọ́n sì lọ. Ṣé kì í ṣe bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn? Àbí ọmọdé ló ń sọ fún àgbà pé ẹ lè máa lọ?"

Ó kù bí Aunty ṣe máa dìde! Carol dì wọ́n lápá kan, mo dì wọ́n lápá kejì, a fà, a fà. Aunty ní, "Ẹ̀yin méjì yìí! Erin kan ṣoṣo ló ń gbé mi sókè lójoojúmọ́, ẹ̀yin méjì ò lè gbé mi!" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Carol, òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a dìde tán, ẹ̀mí iṣẹ́ mi padà. Mo bi Carol pé kí lèrò rẹ̀: ṣé ìfẹ́ ni? Ó ní òun kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn níbi iṣẹ́. Ó ní erin kì í gbàgbé òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbàgbé ohun tí wọ́n fi ọ̀pá kọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ méjèèjì ni a rí yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo bi Aunty náà. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Wọ́n wá láìpè, wọ́n lọ láìgbàṣẹ. Ó tó mi jẹ."

Inú ọkọ̀ la ti jẹ búrẹ́dì Pearl nígbà tí a ń bọ̀. Wàsíù pè láti ibi iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mummy, how far? Ṣé ó dá yín mọ̀?"

Aunty ní, "Wọ́n kẹ̀yìn sí mi!"

"Ah. Sorry, Mummy. Ẹ pẹ̀lẹ́. I told Aunty..."

"Sorry fún kí ni? Ìwọ lọ ṣiṣẹ́ ẹ jàre!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Ní Sunday, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, a pàdé ìyá àgbà kan. Ẹ mọ gbólóhùn tó máa ń jáde lẹ́nu wa: "Tèmi, kneel down jàre, kí Grandma!" Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Tèmi, ọmọ mi, ti ń wo ojú mi, ó ń retí rẹ̀. Mo gbé e mì.

Ọmọ náà dúró, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Bí erin tí wọ́n ní kó má kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Good morning, Grandma," ó gba báàgì lọ́wọ́ Màmá náà, ó sì bá wọn gbé e dé ìdí mọ́tò. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń pàṣẹ fún un, kò bá ẹnikẹ́ni gbé báàgì rí.

Mi ò ní ká má kọ́ ọmọ ní ìkúnlẹ̀ o. Ẹ má ṣì mí gbọ́! Èmi gan-an ṣì ń kúnlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí a fi pàṣán mú dání, a ò lè mọ̀ bóyá ó wà lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tó bá lè lọ ni a tó mọ̀ pé ó wá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló wá bá yín láìjẹ́ pé ẹ pè é? Ta lẹ jẹ́ kó lọ, tí inú yín sì dùn sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá sì rí Aunty Rìsì ní Redan kí wọ́n tó wọ bàálù, ẹ kí wọn fún mi. Ẹ pè wọ́n ní Ìyá Elérin lójú wọn, kò sí wàhálà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ ò pè é bó ṣe yẹ: àwọn ni ọmọ, erin ni ìyá.